Òkúta Ní Baba, Ọ̀nà Ló Jìn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ iná, kí ẹ fi etí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkúta kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní. Kì í ṣe Olúmọ, kì í sì í ṣe òkè Ìdànrè tí ojú ń rí láti ọ̀nà jíjìn. Òkúta kékeré ni. Gíráàmù 31 péré ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹni tó kéré jù láàrin yín bá dì í mọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò ní fura pé ó mú nǹkan dání. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òkúta yìí kò lẹ́nu, kò léèyàn, síbẹ̀ ó dójú ti ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti fọwọ́ sọ̀yà pé kò lè ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé ilẹ̀ tí wọ́n ti rí i. Ní ìsàlẹ̀ ayé pátápátá, níbi tí gúúsù pin sí, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Áńtátíkà. Ó tóbi ju gbogbo Yúróòpù lọ, ṣùgbọ́n kò ní ọba, kò ní ọjà, kò sí igi kan ṣoṣo tí ẹyẹ lè bà lé. Yìnyín ló bò ó. Níbi tí yìnyín náà ti jìn jù, ó ju kìlómítà mẹ́rin lọ kí èèyàn tó kan ilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti oṣù kọkànlá títí wọ inú oṣù kìíní, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀; yíyí ló ń yí po lójú ọ̀run tọ̀sán tòru. Nígbà òtútù, òkùnkùn a gba ilẹ̀ náà, a sì pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀. Ní ọdún 1959, orílẹ̀-èdè méjìlá jókòó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ibẹ̀ di pápá ogun, pé ìmọ̀ ni kí gbogbo ayé máa wá lọ síbẹ̀. Àdéhùn yẹn dùn mọ́ mi nínú títí dòní.

Ẹ wá bá mi rò ó. Bí ẹ bá rí òkúta lójú ọ̀nà oko, kò sí ẹni tí yóò bi í pé níbo ló ti wá, nítorí inú ilẹ̀ ni òkúta ń gbé. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń rìn lórí yìnyín tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn ju kànga èyíkéyìí lọ, tí kò sí òkè nítòsí, tó wá ṣàdédé kan òkúta dúdú kan tó jókòó sójú gbalasa, ta ló gbé e síbẹ̀? Kò lè hù láti ìsàlẹ̀. Kò sí odò tó wọ́ ọ wá, kò sí ẹranko tó fẹnu gbé e. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ojú ọ̀run sì ni.

Ó pẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbà pé òkúta lè já láti ojú ọ̀run. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù bá sọ pé òkúta já sínú oko àwọn, àwọn tó kàwé a ní àlá ni wọ́n lá. Ó di ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1803, nígbà tí òkúta tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta rọ̀ lu agbègbè ìlú L'Aigle ní ilẹ̀ Faransé lọ́sàn-án gangan. Ìjọba rán ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan, Jean-Baptiste Biot, pé kó lọ wádìí. Ó rìn láti abúlé dé abúlé, ó gbọ́ tẹnu àgbẹ̀, ó gbọ́ tẹnu ẹni tó mọ̀wé, ó fojú ara rẹ̀ rí òkúta náà, ó sì padà lọ jẹ́rìí pé òótọ́ ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Lórí Áńtátíkà, ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 1912 ni ojú èèyàn kọ́kọ́ kan irú òkúta bẹ́ẹ̀. Frank Bickerton àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ń wọ́ ẹrù wọn lórí òjò dídì. Ọmọ ẹgbẹ́ ìrìn àjò tí Douglas Mawson kó wá láti Ọsirélíà ni wọ́n. Wọ́n rí nǹkan dúdú kan níwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e. Kò ju kílò kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, fún ọdún tó lé ní àádọ́ta, gbogbo òkúta ojú ọ̀run tí wọ́n tún ṣalábàápàdé lórí ilẹ̀ ńlá yẹn kò pé márùn-ún. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1969, ọdún kan náà tí ẹsẹ̀ èèyàn kọ́kọ́ tẹ òṣùpá, àwọn ará Japan kan tí wọ́n ń wọn ìrìn yìnyín lẹ́bàá òkè Yamato rí òkúta mẹ́sàn-án ní agbègbè kékeré kan. Ẹni tó bá rí mẹ́sàn-án papọ̀ yóò rò pé òkúta ńlá kan ló já tó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ohun tí àwọn náà rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó wọn délé tí wọ́n yẹ inú wọn wò, wọ́n rí i pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Ìdílé wọn yàtọ̀ síra, ọjọ́ tí wọ́n já kì í ṣe ọjọ́ kan náà, ibi tí wọ́n ti wá lójú ọ̀run kì í ṣe ibì kan náà. Àjòjì láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí wọ́n wá pàdé lójú yìnyín. Kí ló kó wọn jọ?

Yìnyín ilẹ̀ náà kì í dúró, ẹ̀yin ọmọ. Rírìn ló ń rìn. Òjò dídì tọdún yìí ń tẹ tèṣí mọ́lẹ̀, tèṣí ń tẹ ti ìgbà àwọn baba ńlá wa, títí gbogbo rẹ̀ fi di yìnyín líle, tí ìwúwo ara rẹ̀ wá ń tì í lọ síhà òkun ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Òkúta tó bá já sí àárín ilẹ̀ náà yóò rì sínú òjò dídì, yóò sì bá yìnyín rìn nínú òkùnkùn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Bí kò bá sí ìdíwọ́, inú òkun ni gbogbo wọn ì bá bọ́ sí, à bá má sì gbúròó wọn mọ́ láé. Ṣùgbọ́n àwọn òkè wà tí wọ́n dábùú ọ̀nà. Yìnyín a kọ lu òkè, kò ní rí ibi gbà, a dúró, a sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ń dúró dè é níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà le, kò sì mọ oorun. Ó ń jẹ ojú yìnyín lọ lọ́dọọdún, títí yìnyín àtijọ́ aláwọ̀ búlúù fi yọ síta. Bí obìnrin ṣe ń fẹ́ ọkà nínú àtẹ, tí ìyàngbò ń bá afẹ́fẹ́ lọ tí ọkà sì ń kù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe ń fẹ́ yìnyín lọ, tí òkúta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ń kù sójú kan. Bí a bá ní kí ọmọ aráyé fúnra rẹ̀ gbèrò ọ̀nà tí yóò fi ṣa àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ, ta ni ì bá ronú kan èyí?

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, William Cassidy lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ìròyìn àwọn ará Japan, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní òkè Yamato, yóò rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn tí òkè bá ti dínà yìnyín. Ó bẹ̀bẹ̀ fún owó ìrìn àjò, wọn kò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Àfi ìgbà tí àwọn ará Japan tún padà lọ ní 1974, tí wọ́n kó òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀ta bọ̀, ni gbogbo ẹnu tó ń jiyàn dákẹ́. Ní 1976 Cassidy gbéra, òun àti àwọn ará Japan jọ dé ibi tí wọ́n ń pè ní Allan Hills, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n wá. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ń fi ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ wá òkúta, àyàfi ọdún tí ìdíwọ́ bá wà, ohun tí wọ́n sì ti kó ti ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀, ní ojú òtútù tó ń mú omi inú ife dì kí ẹnu tó kàn án. Nígbà tí ọjọ́ bá dára, wọ́n á gun alùpùpù orí yìnyín, wọ́n á tò ní ẹgbẹ́ ara wọn, wọ́n á fi àyè sáàárín, wọ́n á sì máa lọ jẹ́jẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí ilẹ̀ kankan má ṣẹ́ kù tí ojú kò wò. Ẹni tó bá rí nǹkan a na ọwọ́ sókè, gbogbo wọn a sì yí i ká. Wọ́n á yà á ní fọ́tò níbi tó jókòó sí, wọ́n á wọn bí ó ti tóbi tó, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kàn án, èémí kò gbọdọ̀ fẹ́ sí i lára. Irin mímọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sínú àpò mímọ́. Àlejò tó ti rin ìrìn àjò tí kò lóǹkà ni. Kò yẹ kí òógùn wa kó bá ẹ̀rí tó gbé wá.

Ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1982 ni ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wá sọ. John Schutt, tó mọ ewu orí yìnyín dunjú, àti Ian Whillans, onímọ̀ nípa ìrìn yìnyín, ń yẹ pápá yìnyín kan wò ní ìwọ̀-oòrùn Allan Hills. Wọ́n rí òkúta kékeré kan. Ọ̀pọ̀ òkúta tí wọ́n ti ń ṣà ni èèpo ara wọn dúdú kirikiri, nítorí iná tó jó wọn lójú ọ̀run bí wọ́n ti ń bọ̀. Èyí yàtọ̀. Èèpo tirẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Níbi tí èèpo náà ti ṣí, inú rẹ̀ dúdú, ègé funfun funfun sì fọ́n káàkiri inú dúdú náà. Wọ́n gbé e sínú àpò, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ibi tí wọ́n ti rí òkúta ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ, nítorí náà wọ́n pè é ní ALHA81005. Àwọn lẹ́tà náà ń tọ́ka sí Allan Hills, 81 ń tọ́ka sí ọdún tí ìwákiri àsìkò náà bẹ̀rẹ̀, 005 sì ni iye tirẹ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ibi tí wọ́n ti rí ọmọ he ni èyí. Ìdílé ọmọ náà kò tíì jẹyọ.

Wọ́n fi òtútù gbé e láti orí yìnyín, ó la òkun kọjá, ó dé Houston ní Amẹ́ríkà láì tíì yọ́. Ilé ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́jú àwọn òkúta tí èèyàn bù wá láti orí òṣùpá. Inú àpótí onígíláàsì tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ kún inú rẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ kí yìnyín ara rẹ̀ gbẹ, kí omi má bàa ràn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí ó ti rí sínú ìwé: gígùn rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ibi tó ti sán, ibi tí èèpo rẹ̀ kù sí. Wọ́n wá bu ẹ̀yà kékeré kan, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Smithsonian ní Washington, níbi tí wọ́n ti ń dá òkúta mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀ tó nǹkan tí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́. Wọn a gé òkúta ní pẹlẹbẹ, wọn a lọ̀ ọ́ títí yóò fi tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Bí ẹ bá to ọgbọ̀n irú rẹ̀ lé ara wọn, wọn kò ní nípọn tó mìlímítà kan. Ohun tí ojú ń pè ní òkúta dúdú lásán, bí wọ́n bá gbé e sábẹ́ màíkírósíkóòpù, tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ti sẹ́ là á kọjá, àwọ̀ pupa, àwọ̀ ayìnrín, àwọ̀ ìyeyè yóò tú jáde níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Ìdílé tó pọ̀ jù nínú àwọn òkúta ojú ọ̀run, tó ju 80 lọ nínú 100, ni ìdílé àwọn tí kóro róbótó-róbótó kún inú wọn. Kóro wọ̀nyẹn, ẹ̀kán iná ni wọ́n nígbà kan. Kí ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí tó wà, nígbà tí oòrùn fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, eruku inú òfuurufú gbóná, ó yọ́, ó kán, ó sì dì. Ẹ̀kán wọ̀nyẹn wá ń lẹ̀ mọ́ ara wọn títí wọ́n fi di òkúta. Ọjọ́ orí wọn ju bílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ọdún lọ. Kò sí òkúta kankan lórí ilẹ̀ ayé wa tó dàgbà tó wọn. Nínú ìdílé yìí, iye irin tó wà nínú wọn ni wọ́n fi ń yà wọ́n sí agboolé: àwọn tí irin wọ́n pọ̀, àwọn tí irin wọ́n kéré, àwọn tó kéré sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń wo kóro wọn. Bí ojú kóro bá ṣì mọ́ kedere, òkúta náà kò jìyà iná púpọ̀ nínú ilé tó ti wá, nọ́ńbà 3 ni wọ́n ń fún un. Bí iná ìjìnlẹ̀ bá ti pa ojú kóro rẹ́, nọ́ńbà náà a gòkè dé 6. Àwọn ìdílé mìíràn wà: àwọn tí wọ́n ti yọ́ pátápátá rí tí kóro wọn ti pòórá, àwọn tó jẹ́ kìkì irin, àti àwọn tí irin àti òkúta jọ gbé inú wọn.

Ẹni tó gbé ẹ̀yà òkúta wa sábẹ́ awò ní Smithsonian ni Brian Mason, àgbà onímọ̀ tí wọ́n bí ní New Zealand. Ojú rẹ̀ ti rí òkúta ojú ọ̀run débi pé èyí tó lè ṣe é ní kàyéfì kò pọ̀. Ó wá kóro, kò rí. Ohun tó rí ni ilẹ̀ dúdú, tí ègé òkúta funfun oríṣiríṣi há sínú rẹ̀. Ó sì ti rí funfun yẹn rí. Láàrin 1969 sí 1972, èèyàn méjìlá ti rìn lórí òṣùpá, wọ́n sì kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ tó jẹ́ kílò 382 bọ̀ wálé. Mason wà lára àwọn tó yẹ ẹrù náà wò. Ní 1970 òun àti William Melson ti kọ odidi ìwé kan nípa òkúta òṣùpá. Nítorí náà, nígbà tó ń ṣe àpèjúwe ALHA81005, ó kọ ọ́ pé àwọn ègé funfun kan nínú rẹ̀ jọ èyí tí wọ́n rí nínú òkúta òṣùpá.

Ẹ kíyè sí i pé ó ní wọ́n jọ ọ́ ni, kò ní òun gan-an ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí yóò mi ilé ìmọ̀ gbogbo ayé ni, ó sì fi í sínú gbólóhùn kan tó rọlẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹ̀rí.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé òkúta kò lè fi òṣùpá sílẹ̀ láyè. Òṣùpá ní agbára tó fi ń di ohun tirẹ̀ mú. Kí òkúta tó lè já gbà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sáré débi pé kí ẹ tó ka ení, ó ti kọjá kìlómítà méjì. Wọ́n ní ohun tó bá lè gbá òkúta tó bẹ́ẹ̀ yóò lọ̀ ọ́ kúnná tàbí kí ó yọ́ ọ dànù. Òkúta kékeré yìí sì wá jókòó síwájú wọn lódindi.

Wọn kò fi ìpàdé ẹnu parí rẹ̀. Wọ́n bu ẹ̀rún ẹ̀rún nínú rẹ̀, wọ́n pín in fún ilé ìmọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí oníkálukú lọ fi ọ̀nà tirẹ̀ bi í léèrè. Ní Chicago, Robert Clayton àti Toshiko Mayeda wo ọ́síjìn tó wà nínú òkúta náà. Ọ́síjìn ní oríṣi mẹ́ta, bí wọ́n sì ṣe pò mọ́ ara wọn yàtọ̀ láti ilé dé ilé lójú ọ̀run. Àpòpọ̀ ti ilẹ̀ ayé wa àti ti òṣùpá bára mu. Ti òkúta náà sì bá tiwọn mu. Ẹlòmíràn lè ní, ṣé kì í ṣe òkúta ilẹ̀ ayé lásán ni? Àwọn mìíràn wo irin inú rẹ̀ àti mangáníìsì tó bá a gbé. Bí méjèèjì ṣe wọ̀n síra kò bá ti ilẹ̀ ayé mu, ti òṣùpá ló bá mu. Àwọn mìíràn tún mú ẹ̀rún tiwọn gbóná, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ara oòrùn sì tú jáde nínú rẹ̀, èyí tó máa ń wọ inú iyẹ̀pẹ̀ ibi tí kò ní afẹ́fẹ́ tí yóò bò ó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nígbà tí gbogbo wọn pàdé ní Houston ní oṣù kẹta ọdún 1983, tí ẹlẹ́rìí kan ń bọ́ sílẹ̀ tí òmíràn ń dìde, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Láti orí òṣùpá ni òkúta náà ti wá.

Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Nǹkan ńlá kan ló já lu òṣùpá, ó gbá òkúta yìí kúrò nílé, ó rìn kiri nínú òfuurufú, ayé wa fà á, iná jó ara rẹ̀ bí ó ti ń bọ̀, yìnyín gbé e mì, afẹ́fẹ́ tú u sílẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ àmì ilé rẹ̀ wà lára rẹ̀, kò nù.

Nígbà tí òṣùpá àrànmọ́jú bá tún yọ, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Apá tó mọ́lẹ̀ wà, àbàwọ́n dúdú wà. Apá tó mọ́lẹ̀ yẹn ni ilẹ̀ òkúta funfun. Nígbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ òṣùpá, òde ara rẹ̀ jẹ́ òkun iná. Ohun tó wúwo rì, ohun tó fúyẹ́ léfòó, ó dì, ó sì di ilẹ̀ funfun. Àbàwọ́n dúdú ni ibi tí òkúta yíyọ́ tún ti ṣàn wá bo ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibi tí àwọn èèyàn méjìlá yẹn rìn dé kò tó nǹkan, iwájú òṣùpá tó kọjú sí wa ni gbogbo rẹ̀. Òkúta tó bá fúnra rẹ̀ já wá lè ti ibikíbi wá, títí kan ẹ̀yìn òṣùpá tí ojú wa kì í rí láé. Ẹ wá mọ iyì rẹ̀.

Ìyanu kan a sì máa pe òmíràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí tàn kálẹ̀, àwọn ará Japan padà sí àpótí tiwọn, wọ́n rí i pé òkúta kan tí wọ́n ti ṣà lórí yìnyín ní oṣù kọkànlá ọdún 1979, Yamato 791197, ọmọ òṣùpá lòun náà. Ó ti wà nílé wọn kí wọ́n tó rí ti Allan Hills, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè tó yẹ.

Ó sì kan ilẹ̀ wa Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1962, ní Zagami ní agbègbè Kàtsínà, àgbẹ̀ kan wà nínú oko àgbàdo rẹ̀ nígbà tí ìró ńlá kan dún lókè, tí òkúta kan sì já wọlẹ̀ nítòsí rẹ̀, kò ju mítà mẹ́ta lọ. Orí ló yọ ọ́. Kílò 18 ni òkúta náà. Àwọn onímọ̀ rí i pé ó jẹ́ ti ìdílé kékeré kan tó ṣàjèjì, òkúta iná tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jọjọ sí ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n wọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilé báyìí ló ti wá. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, wọ́n rí òkúta kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́jọ lórí yìnyín Áńtátíkà, EETA79001 lorúkọ rẹ̀, ìbátan Zagami sì ni. Gíláàsì dúdú wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ há sínú gíláàsì náà. Ní 1983, Donald Bogard àti Pratt Johnson ní Houston tú afẹ́fẹ́ yẹn sílẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fi wé afẹ́fẹ́ ayé pupa tí wọ́n ń pè ní Mars, èyí tí ọkọ̀ Viking ti wọ̀n níbẹ̀ láti 1976. Ó bára mu. Bí wọ́n ṣe dá ọ̀kan mọ̀ báyìí ni gbogbo ẹbí rí baba, títí dórí èyí tó já sí oko àgbàdo ní Kàtsínà.

Ẹ má sì rò pé ìdájọ́ wọn kì í ṣìnà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 1984, Roberta Score rí òkúta tó tó kílò méjì ní Allan Hills kan náà. Wọ́n fi í sí ìdílé kan tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá, kí David Mittlefehldt tó rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ẹbí tí wọ́n fún un mu. Mars lòun náà ti wá, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún lọ. Kò sí ẹni tó bú àwọn tó kọ́kọ́ dájọ́. Wọ́n tún orúkọ ìdílé rẹ̀ kọ, ìmọ̀ sì tẹ̀ síwájú.

Ohun tó mú kí àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ni ìwà kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú lò. Àwọn tó ń tọ́jú òkúta wọ̀nyí kì í fọ́ wọn tán. Ẹ̀rún ni wọ́n ń bù, apá kan a sì wà ní ìpamọ́. Ẹ rò ó: nígbà tí òkúta Zagami já ní 1962, kò tíì sí ọkọ̀ kankan tó wọn afẹ́fẹ́ Mars níbẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó gbà á nígbà náà ti lọ gbogbo rẹ̀ kúnná láti fi wá ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n bèèrè lọ́jọ́ tiwọn, kí ni ọjọ́ iwájú ì bá rí wò? Wọ́n bèèrè tiwọn, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọmọ tí wọn kò tíì bí, tí yóò ní irinṣẹ́ tí wọn kò tíì rọ. Bí ẹ bá dàgbà, tí nǹkan iyebíye sì bọ́ sí yín lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ilẹ̀, ìbáà jẹ́ igbó, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà, ẹ lò ó, ẹ wádìí rẹ̀ dé ìdí, ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ́ kù fún ẹni tí yóò mọ ìbéèrè tó ju tiyín lọ.